Porsche 718 Cayman lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́: orúkọ tuntun, ẹ́ńjìnì kékeré, ohùn ẹ̀ ńkọ́?

Bàbá àgbà kan tó ti wa lọ́rì kárí Nàìjíríà rí, tó máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan ní Ayétòrò níbí ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló jẹ́ kí n pinnu pé màá kọ èyí. Mo gbé Porsche 718 Cayman ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ láti fa atẹ́gùn sí táyà, mi ò tíì pa ẹ́ńjìnì, bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè wo mọ́tò, wọ́n kàn tẹ́tí sílẹ̀ báyìí, wọ́n ní, "Ìjàpá mà nìyẹn. Ta ló ṣì ń wa Ìjàpá láyé ìsinsìnyí?"

Àwọn ọmọ ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá, ẹ wò ó dáadáa, mọ́tò olówó ńlá nìyí o. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá ò jẹ̀bi rárá, etí wọn ṣì pé. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lọ́nà Àgbádárìgì ní 1975, ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́rin tó sùn gbalaja ló wà nínú ẹ̀, méjì dojú kọ ọ̀tún, méjì dojú kọ òsì, àwọn písítìn wọn á máa ta síta á tún máa padà wálé bí ẹni méjì tó ń ja ẹ̀ṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ìjókòó 718 yìí náà nìyẹn, sílíńdà mẹ́rin tó sùn gbalaja. Ferdinand Porsche ló ya Ìjàpá, ọmọ ẹ̀ Ferry ló wá gbé 356 jáde ní 1948, òun ni mọ́tò tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ Porsche, ara ẹ́ńjìnì Ìjàpá ni wọ́n sì ti fa tiẹ̀ yọ. Torí náà ohun tí bàbá gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohùn ìdílé ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe mọ̀ kí ẹ tó ní mò ń sọ̀rọ̀ látinú fọ́nrán tí mo wò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ yẹ mọ́tò wò, màá gbé ẹ̀rọ síkáànà mi dání, màá wọ abẹ́ ẹ̀, màá wá sọ fún wọn bóyá kí wọ́n sanwó àbí kí wọ́n sá. Camry àti Corolla ló pọ̀ jù lọ, Lexus àti Benz tẹ̀lé e, àmọ́ spọ́ọ̀tì káà lọkàn mi wà láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ní Boxster 2007 kan, aláwọ̀ fàdákà, ẹ́ńjìnì lítà 2.7, sílíńdà mẹ́fà, kò sí tọ́bò, horsepower 245. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti jọ ń tọ́jú ẹ̀, mo mọ gbogbo ibi tó ń dún nínú ẹ̀. Lọ́dún yìí ló wá kó 718 Cayman 2017 dé, tiẹ̀ ni ẹ́ńjìnì lítà 2.0, sílíńdà mẹ́rin, tọ́bò kan, horsepower 300, gíà ọ́tò tí wọ́n ń pè ní PDK. Méjèèjì wà nínú ọgbà kan náà. Ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí n sọ fún òun èyí tó yẹ kí òun tà. Ohun tí mo rí nìyí.

Orúkọ ni kí n kọ́kọ́ yanjú torí òun ló dá ìjà tó pọ̀ jù sílẹ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn mọ́tò. Ṣáájú 2016, Boxster ni Boxster, Cayman ni Cayman, ó tán. Boxster, èyí tí òrùlé ẹ̀ ṣeé ká, ti wà láti 1996, Cayman, èyí tí òrùlé ẹ̀ kò ṣeé ká, dé ní 2005, gbogbo wa sì mọ̀ wọ́n mọ orúkọ yẹn. Ó wá di 2016, wọ́n yọ sílíńdà mẹ́fà, wọ́n fi mẹ́rin pẹ̀lú tọ́bò rọ́pò ẹ̀, wọ́n sì lẹ 718 mọ́ iwájú orúkọ, 718 Boxster, 718 Cayman. Áà! Àwọn kan gbà pé ẹ̀tàn ni, pé orúkọ aláràmbarà ni wọ́n fi ń bo ẹ́ńjìnì tí wọ́n gé kù mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Ìkòròdú fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà yẹn, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, gbogbo ẹ̀ ló fi bínú, ó ní tí ọmọ bá ti ń jẹ́ Cayman láti ọjọ́ ìkómọ, kí ni wọ́n ń wá kiri tí wọ́n fi tún ń sọ ọ́ lórúkọ.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà yẹn, mi ò sì fara mọ́ ọn. Yorùbá kì í sọmọ lórúkọ lásán, ilé là ń wò. Ọmọkùnrin tí bàbá àgbà ẹ̀ bá ti kú kí wọ́n tó bí i, Babátúndé ló ń jẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ẹ̀tàn. 718 ti wà nílé Porsche tipẹ́tipẹ́, mọ́tò ìdíje ni, 1957 ló jáde, kékeré báyìí, ẹ́ńjìnì ẹ̀ lítà 1.5 péré, sílíńdà mẹ́rin tó sùn gbalaja gẹ́lẹ́. Mọ́tò kékeré yẹn gba Targa Florio, ìdíje orí òkè àti kọ́nà tí wọ́n ń sá ní Sicily lórílẹ̀-èdè Ítálì, ó gbà á ní 1959, ó tún gbà á ní 1960, lọ́dún 1960 yẹn kan náà ló tún gba ìdíje wákàtí méjìlá Sebring ní Amẹ́ríkà, àwọn Ferrari tí ẹ́ńjìnì wọn tóbi jù ú lọ wà níbẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Ọmọ tó dé ní 2016 sílíńdà mẹ́rin ló gbé wá, bàbá àgbà tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀ sílíńdà mẹ́rin ló fi jagun. Orúkọ yẹn bá a mu. Wọn ò sì gba Boxster àti Cayman lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orúkọ ìdílé ni wọ́n kàn gbé ṣíwájú.

Àti pé ilé Porsche ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí orúkọ. 911 tí gbogbo ayé ń kókìkí yẹn, 901 ló kọ́kọ́ ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní Frankfurt ní 1963, Peugeot ló ní àwọn ló ni nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo wà láàárín ẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di 911 ní 1964. Ta ló tún rántí 901 lónìí?

Orúkọ tó ń bí mi nínú ni èyí tí wọn ò yí. Ẹ wo Benz C300 tó kún gbogbo ìgboro Èkó. C300 ìran àtijọ́ tí à ń pè ní W204, nígbà tó kọ́kọ́ dé, ẹ́ńjìnì lítà 3.0 ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, V6, sílíńdà mẹ́fà, ẹni tó ń tà á kò nílò kó búra. Ó wá di ìran tó tẹ̀lé e, W205, 300 ṣì wà lẹ́yìn búùtù, lẹ́tà kan náà, nọ́ńbà kan náà, ẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lítà 2.0 lẹ bá, sílíńdà mẹ́rin àti tọ́bò. Mi ò sọ pé mọ́tò burúkú ni, horsepower ẹ̀ tiẹ̀ lé ní ti V6 àtijọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ńbà yẹn ò sọ òótọ́ mọ́, òtítọ́ yẹn sì dùn mí torí mo sanwó ẹ̀.

Mo ra W205 kan lọ́wọ́ oníṣòwò mọ́tò kan nígbà kan. Mo mọ̀ pé sílíńdà mẹ́rin ni, iṣẹ́ mi ni, àmọ́ nọ́ńbà 300 yẹn ṣì wà lórí mi bí ẹni pé V6 àtijọ́ ni mo gbé sílé, bí mo ṣe ń ṣe V6 tí mo ti ní rí náà ni mo ṣe ń ṣe é. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú fún sáfíìsì, èmi ò dúró, mo ní iṣẹ́ ní Ìmọ̀ta lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n da ọ́ìlì tí wọ́n rí sí i. Ọ́ìlì tó yẹ, nọ́ńbà 229.5 gbọ́dọ̀ wà lára agolo ẹ̀, mo sì ti sọ fún wọn. Kò tó oṣù mẹ́fà, mo ń bọ̀ láti Ìtòíkín lálẹ́, mo gbọ́ fèéè bí ẹni ń fọn fèrè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo gíláàsì ẹ̀yìn, èéfín aláwọ̀ búlúù bo gbogbo títì. Tọ́bò ti lọ. Irin kékeré tó ń yí nínú tọ́bò, ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì ló ń gbé e dúró, tí ọ́ìlì ò bá ti dáa, irin á gbo irin, ó ti parí nìyẹn. Owó tí mo fi ra tọ́bò mìíràn, mi ò fẹ́ rántí. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe lè gbà fún ẹni tó bá ní orúkọ ò já mọ́ nǹkan. Orúkọ ló ń sọ fún ẹ bó o ṣe máa tọ́jú nǹkan.

Kí ló wá dé tí wọ́n ń gé ẹ́ńjìnì kù? Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé a fẹ́ràn èyí tó tóbi. Òfin ni. Ní Yúróòpù, ìjọba ń wọn èéfín tó ń jáde láti ara gbogbo mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ kan bá tà, tó bá pọ̀ jù wọ́n á bu owó ìtanràn lé wọn. Ní Ṣáínà, owó orí mọ́tò ń ga sí i bí ẹ́ńjìnì bá ti kọjá lítà 2.0, ọjà Ṣáínà sì tóbi. Ẹ́ńjìnì Cayman yìí, kúbíkì 1,988, ó kù díẹ̀ kó pé 2.0, ẹ ò rí i pé wọn ò kàn já nọ́ńbà yẹn láti ojú ọ̀run. Wọ́n sì ṣe irú ẹ̀ sí 911 fúnra ẹ̀, ní 2015 ni Carrera kúrò ní lítà 3.4 àti 3.8 tí kò ní tọ́bò, tó di 3.0 oní-tọ́bò méjì, àmọ́ ìyẹn sílíńdà mẹ́fà ló ṣì wà níbẹ̀, torí ẹ̀ ni ariwo ẹ̀ ò ṣe pọ̀ tó ti 718.

Fún ẹni tí tọ́bò ò bá tíì yé, ẹ ronú kan ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Iná kékeré ló wà nílẹ̀, èédú díẹ̀, àmọ́ bí ọmọ iṣẹ́ bá ń fín ẹwìrì, iná yẹn á le débi tí irin á fi pọ́n. Tọ́bò ni ẹwìrì. Èéfín tó ń jáde lọ lásán tẹ́lẹ̀ ló ń yí i, òun náà á wá máa ti afẹ́fẹ́ wọnú sílíńdà tipátipá, pẹ́tírólù á jó dáadáa, ẹ́ńjìnì kékeré á ṣiṣẹ́ àgbà. Wàhálà ẹ̀ ni pé èéfín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ kí ẹwìrì tó yí, torí ẹ̀ ni tí o bá tẹ ẹsẹ̀ lójijì, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra.

Ó ku bó ṣe rí lójú títì. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, mo gbé 718 jáde, mo gba T-junction Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí ọ̀nà kọnkéré tó lọ sí Eléko. Ọ̀nà yẹn dáa, ó tẹ́jú, mọ́tò ò pọ̀ láàárọ̀ yẹn, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì jáde. Mo wà lórí gíà kẹta ní ìwọ̀nba, mo rọra tẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, nǹkan yìí ń fà! Cayman tó ṣáájú ẹ̀, oní-2.7, torque ẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń fà, 290 Nm ni, ó sì di ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá yí dé 4,500 ní ìṣẹ́jú kan kó tó gbé gbogbo ẹ̀ fún ọ. Èyí 380 Nm ni, láti 1,950 ló ti kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé o ò nílò kó o máa wá gíà kiri, o ò nílò kó o jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ké, tó o bá fẹ́ kọjá lára tírélà tó ń gbé iyanrìn, o kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni, tírélà á ti wà lẹ́yìn ẹ. Porsche ní tí Sport Chrono, ohun èlò àfikún fún eré sísá, bá wà lára ẹ̀ pẹ̀lú PDK, láti orí òdo dé 100 km/h, ìṣẹ́jú àáyá 4.7 ni, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Bọ́tìnì roboto kékeré kan wà lára sítíárìn, tó o bá tẹ̀ ẹ́, dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í ka 20 sẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú àáyá 20 yẹn gbogbo agbára ẹ̀ á wà ní ìmúrasílẹ̀, ẹ́ńjìnì àti gíà á máa dúró dè ọ́. Ìgbà kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó tó mi.

Kọ́nà ló ti jọba jù. Lọ́nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí títì ti máa ń ká, bí mo ṣe yí sítíárìn díẹ̀ báyìí ló ti yí, imú ẹ̀ wọlé, ìdí ẹ̀ tẹ̀lé e, kò fì, kò mì. Àárín ni ẹ́ńjìnì wà, lẹ́yìn ìjókòó, ìwúwo ẹ̀ kò lọ síwájú jù kò sì lọ sẹ́yìn jù, ó dà bí ẹni tó gbé igbá ẹja sórí láti Ọjà Olúwo tó ń rìn lọ tí kò fi ọwọ́ kàn án. Boxster àtijọ́ náà dáa ní kọ́nà, àmọ́ 718 dáa jù ú lọ. Bíréèkì ẹ̀ náà, mi ò ní nǹkan kan sọ sí i, ó ń di mú.

Tọ́bò ẹ̀ máa ń falẹ̀ díẹ̀ o. Kì í ṣe kó pọ̀, àmọ́ tó o bá ń wá láti inú 2.7, wàá mọ̀. Tó o bá ń bọ̀ lórí bọ́m̀pù, o gbé ẹsẹ̀ sókè, tó o wá fẹ́ kó gbéra, á mí lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Boxster kì í mí. Bí ẹsẹ̀ ẹ bá ṣe gbọ̀n ló ṣe ń dáhùn, tó o bá bèèrè díẹ̀, díẹ̀ ló máa fún ẹ.

Ohùn wá ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi jù.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ajé, mo gbé Boxster lọ ojú ọ̀nà kan náà, mo ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn. Láti 2,000 ó ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń fọwọ́ bo ẹnu kọrin, ó dé 4,000 ohùn ẹ̀ là, ó dé 6,000 ó di igbe tó ń wọni lára, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀, ṣe ni irun ọwọ́ mi dìde. Sílíńdà mẹ́fà, iná mẹ́ta ló ń bú nínú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn dọ́gbadọ́gba, ohùn wọn á wá so pọ̀ di orin. Ti mẹ́rin, iná méjì ni. O máa ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbùgbùgbù, bí ẹni ń gún ẹ̀gẹ́. Tọ́bò á sì tún jókòó sójú ọ̀nà èéfín, á gbé díẹ̀ mì nínú ariwo tó kù. Nígbà tí 718 bá ń lọ pẹ̀lú agbára, á dún dáadáa, ó ní ìbínú kan nínú, àmọ́ ní gò-sílóò tó wọ Ọjà Olúwo lọ́jọ́ ọjà, tí mo wà lórí ìdúró, Ìjàpá tí bàbá wí yẹn gan-an ni mò ń gbọ́. Mo fẹ́ràn Ìjàpá, àmọ́ mi ò lè san irú owó yẹn fún ohùn Ìjàpá.

Àwọn tó ń pariwo lórí sílíńdà, ohun tí wọ́n ń sọ gan-an nìyí, wọn ò kàn rí ọ̀rọ̀ sí i ni. Wọ́n ń dárúkọ horsepower, wọ́n á ní sílíńdà mẹ́rin ò lè tó, ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé ẹ̀ á já wọn nírọ́ torí 300 ti 718 ju 275 ti Cayman oní-2.7 tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní Porsche ò ṣe sílíńdà mẹ́rin rí, irọ́ nìyẹn náà, 356, 912, 914, 944, gbogbo wọn ní sílíńdà mẹ́rin. Ohùn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Spọ́ọ̀tì káà ò sì dà bí kórópe tó kàn fẹ́ gbé ọ débi tó ń lọ. Etí náà ń wa mọ́tò.

Kí ẹ má bàa rò pé ẹjọ́ àwa tí a wà ní Èkó nìkan ni, Porsche fúnra wọn gbọ́. Ní 2019 wọ́n gbé 718 Cayman GT4 àti 718 Spyder jáde, sílíńdà mẹ́fà, lítà 4.0, kò sí tọ́bò. Nígbà tó di 2020, wọ́n tún fi ẹ́ńjìnì 4.0 yẹn sínú GTS, ẹ̀yà 718 mìíràn, horsepower 400, lẹ́yìn tí GTS ti kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú sílíńdà mẹ́rin lítà 2.5. Ilé-iṣẹ́ tó ti sọ pé kékeré tó, ló tún padà gbé ńlá wá. Wọ́n ò sì yọ 718 kúrò lára orúkọ ẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbà pé orúkọ ọ̀hún kò bá a mu mọ́, torí bàbá àgbà kò ní sílíńdà mẹ́fà. Àmọ́ ta ló máa bínú sí i, nígbà tó ti ń kọrin. Mercedes náà ti gba ọ̀nà kan náà kọjá, C63 tó jẹ́ pé V8 lítà 6.2 ló wà nínú ẹ̀ nígbà kan, tó jẹ́ tó bá kọjá ní òpópónà Lékkí gbogbo èèyàn á yíjú, wọ́n gbé tuntun jáde ní 2022 pẹ̀lú sílíńdà mẹ́rin lítà 2.0 àti mọ́tò iná mànàmáná, agbára gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ 680. Agbára pọ̀ nínú ẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. 63 ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tó ní V8 bóyá wọ́n fẹ́ pààrọ̀.

Bíbá 718 gbé ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́. Ilẹ̀ ló wà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́m̀pù tí wọ́n fi kọnkéré mọ níwájú ilé ara wọn, gẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni kó o gbà á, táyà kan lẹ́yìn èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ́ imú ẹ̀ á họ. Lẹ́yìn òjò, tí omi bá bo kòtò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, táyà ẹ̀ pẹlẹbẹ, rímù á tẹ̀. Ìjókòó méjì péré, tó o bá ní ọmọ, mọ́tò kejì ni. AC ẹ̀ tutù dáadáa pẹ̀lú gbogbo oòrùn yìí.

Pẹ́tírólù, ẹ wo inú ìdérí tánkì kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò tọ́bò èyíkéyìí tó ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn pé èyí tó dáa jù ni kí ẹ máa rà. Ẹ́ńjìnì oní-tọ́bò ń tẹ afẹ́fẹ́ àti pẹ́tírólù pọ̀ gan-an, tí pẹ́tírólù ò bá dáa, á gbiná kí àsìkò ẹ̀ tó tó, kọ̀ǹpútà á wá máa fa agbára sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnì má bàa bàjẹ́. Torí náà 300 tó wà nínú ìwé yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lo máa rí gbà pẹ̀lú ohun tí à ń rà níbí. Ibì kan ni mo ti ń ra tèmi, ibi tí mo mọ̀ pé wọn kì í da omi sí i.

Ọ́ìlì, mo ti sọ ti C300 mi, mi ò ní tún un sọ. 718 yìí ò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì rárá, dáṣíbọ́ọ̀dù lo máa wò. Mẹkáníìkì kan tó wá bá wa wò ó ṣí iwájú, búùtù ló bá, ó ṣí ẹ̀yìn, búùtù ló tún bá, ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńjìnì ẹ̀ dà?" Ìdérí méjì péré ló wà nínú búùtù ẹ̀yìn, ọ̀kan ti ọ́ìlì, ọ̀kan ti omi. Ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ ò ṣeé rí àfi kó o wọ abẹ́ ẹ̀ tàbí kó o tú ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò ṣe irú ẹ̀ rí fi tiyín kọ́ṣẹ́.

Àmọ́ búùtù iwájú yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀. Lítà 150 ni, ó jìn sísàlẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mo lọ Ọjà Olúwo, ìyá alẹ́ja tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn bá mi di òbòkún mẹ́ta sínú kúlà kékeré pẹ̀lú áìsì, mo gbé e síwájú, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Mo wà á lọ sí Ìkòròdú, mo gba Ìtòíkín, ó ju wákàtí kan lọ, nígbà tí mo ṣí i áìsì ò tíì yọ́. Tó bá jẹ́ búùtù ẹ̀yìn ni mo gbé e sí, ẹ́ńjìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á ti máa sè é. Ọ̀rẹ́ mi tó bínú lórí WhatsApp yẹn ni mo gbé ẹja lọ fún. Ó wa 718 náà, ó lọ ó bọ̀ ní àdúgbò ẹ̀, ó jáde, ó ní ó ń sáré o, ó ń sáré gan-an ni. Ó wá dúró létí sàlẹ́ńsà ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Tí ẹni tó ń ka èyí bá lówó lọ́wọ́ tó sì ń wá spọ́ọ̀tì káà tòkunbọ̀ tí ara ẹ̀ dá, 718 oní-2.0 dáa, mo fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Ó ń sáré ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ, ó yè kooro ní kọ́nà, orúkọ ẹ̀ ò purọ́ fún ẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní S, lítà 2.5, horsepower 350, tọ́bò ẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń yí abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ padà bí èéfín bá ṣe pọ̀ tó, irú tí 911 Turbo ń lò, ẹ wá ìyẹn tówó bá tó o, á tètè dáhùn ju tiwa lọ. Tí owó bá wá pọ̀ gan-an, GTS 4.0 ni, kẹ́ ẹ má wo ẹ̀yìn.

Mo kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì padà fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Ẹtì, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n mú 718, òun ni wọ́n á máa fi lọ ibi iṣẹ́ wọn ní Lékkí, torque ẹ̀ á tù wọ́n lára. Wọ́n ní ó dáa, ẹnì kan ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó fẹ́ wá wo Boxster lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sọ fún onítọ̀hún kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n bi mí pé ta ló fẹ́ rà á. Mo ní èmi ni, kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́, a sì ti ń nájà ẹ̀ lọ.